Orin Tó Mú Ọkọ̀ Wa Rìn Sẹ́yìn

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ń bẹ̀rù omi. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni iṣẹ́ rẹ̀. Igbókòdá, níbi tí ilẹ̀ ti le, ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, n kò sì rí i kí ó kọjá etí èbúté rí. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá bàjẹ́ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa lẹ́bàá òkun á tú u fúnra rẹ̀, á gbé èyí tó bá ṣe é gbé wá fún un. Bí onítọ̀hún bá ní kí ó bọ́ sínú ọkọ̀ kí àwọn jọ lọ wo ìyókù, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí ó tún tọ́ọ̀pù sílíńdà ẹ́ńjìnnì ìyá mi ṣe tán, tí ó ti lọ àwọn fáàfù rẹ̀ títí wọ́n fi jókòó dáadáa, tí ó sì ti fọ iyọ̀ òkun kúrò nínú pọ́ǹpù epo, èmi ni ó kó gbogbo rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Ó ní, "Ìwọ lo máa dé e. Ìwọ náà lo máa ṣe táímìn rẹ̀."

Mo ní, "Èmi nìkan, sà?"

"Wá ẹnìkan tí yóò bá ọ yí i. Ẹnikẹ́ni. Kó ṣáà ti jẹ́ ẹni tó máa dúró tí o bá ní kó dúró."

Mo fi ìró wé tọ́ọ̀pù sílíńdà náà, mo gbé e lé itan bí ọmọ, mo sì wọ ọkọ̀ padà sílé.

Ìtìjú máa ń ṣe mí. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀nba ìgbà tí mo fi wà ní ilé ìwé, bí tíṣà bá ń pe orúkọ wa ní àárọ̀, mo máa ń dáhùn. Èmi nìkan ni mo máa ń gbọ́ ìdáhùn náà. Wọ́n á kọ ọ́ pé n kò wá. Láti ìgbà tí mo ti dàgbà, ibi tó tù mí lára jù láyé ni ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìyá mi. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni ọkọ̀ náà máa ń gbé àwọn obìnrin ìlú wa àti ti Abereke lọ sí Igbókòdá, pẹ̀lú ẹja yíyan àti edé wọn. Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì náà. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó lè bá mi sọ̀rọ̀ láti èbúté wa títí dé ti Igbókòdá. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ náà nìyẹn.

Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ti ra ẹ́ńjìnnì oní-pẹtiróòlù, irú èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ọkọ̀ tó tóbi tó o. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún ìyá mi pé kí ó yọ irin àgbà yẹn dànù, kí ó tà á fún àwọn tó ń ra irin jíjẹrà, kí òun gbé tòun sí i, kí òun sì máa wà á. Bàbá mi wà lójú òkun pẹ̀lú àwọ̀n rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dọwọ́ ìyá mi. Ìyá mi kò gbà, títí di ọjọ́ tí gáskẹ́ẹ̀tì abẹ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà fi jó láàrin omi, tí àwọn obìnrin fi ìdérí agbada tukọ̀ délé.

Ìyá mi wá ní, "Bí kò bá gbé wa lọ sí ọjà tó ń bọ̀ yìí, kí Bàbá Kékeré gbé tiẹ̀ wá." Ó wá wò mí. "Ìwọ náà á wá máa bá mi jókòó sí ìdí àtẹ. O ó máa pe oníbàárà."

Ó ní kí n dán an wò lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Ẹ wá ra ẹja." Ológbò tó sùn ti agbọ̀n ẹja náà kò tilẹ̀ yí etí.

Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ táímìn yìí kì í ṣe eré lọ́dọ̀ mi.

Nígbà tí ọjà ku ọ̀la, mo ti dé tọ́ọ̀pù sílíńdà, mo ti fún àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ le ní méjì-méjì tó dojú kọra, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó ku táímìn. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni ó máa ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná, pọ́ǹpù á wá fọ́n epo sí i, á gbaná. Gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ ni kí epo dé lákòókò. Bí ó bá pẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa hú èéfín, kò ní lágbára. Bí ó bá yá jù, á tàpá.

Bí a ṣe ń wò ó nìyí. Irin róbótó ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, fláíwíìlì là ń pè é. Ìlà kan wà tí wọ́n gbẹ́ sí etí rẹ̀, ọfà kan sì wà lára ẹ́ńjìnnì. A ó ṣí ẹnu pọ́ǹpù, epo á máa sun jáde. Ẹnìkan á máa yí fláíwíìlì díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí epo bá dáwọ́ sísun dúró, kí fláíwíìlì náà dúró síbẹ̀. Bí ìlà àti ọfà bá dojú kọra, ó pé. Bí ìlà bá ti kọjá ọfà, epo ń pẹ́ nìyẹn. A ó yọ ọ̀kan nínú àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ pọ́ǹpù. Bí kò bá tíì dé ọfà, epo ń yá jù; a ó fi ọ̀kan kún un. Ojú mi gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu pọ́ǹpù, fláíwíìlì sì wà ní òdì kejì lẹ́yìn pákó. Èèyàn méjì ló ń ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ńlá, ló ní òun yóò yí i. Inú mi dùn, nítorí apá rẹ̀ tó nǹkan. Láti kékeré ló ti ń tukọ̀. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, táwẹ́ẹ̀lì ló fi bo orí, nítorí agbòòrùn rẹ̀ ti sọnù, ó sì ti fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan gbogbo ilé, títí kan ológbò.

Mo ní, "Màmá Ńlá, bí mo bá ní ẹ dúró, kí ẹ dúró."

"Kí lo wí?"

"Bí mo bá ní ẹ dúró."

"N kò gbọ́ ọ, ọmọ yìí. Ohùn rẹ dà bí ti ẹ̀fọn tó ń gbààwẹ̀." Ó ronú díẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ ọ tí o bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Máa kọrin. Bí epo bá ti dúró, dákẹ́. Tí mo bá ti gbọ́ pé o dákẹ́, èmi náà á dúró."

Òótọ́ ni. Bí mo bá ń kọrin, ohùn máa ń jáde, bóyá nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi ni mo ń sọ. Mo mú orin tí àwọn obìnrin wa fi ń tukọ̀, nítorí pé ó fara balẹ̀: "Omi gbé mi lọ o, omi gbé mi lọ." Màmá Ńlá ń yí. Epo ń sun. Bí epo ṣe dúró, mo pa ẹnu dé.

Mo lọ wò ó ní òdì kejì. Màmá Ńlá di fláíwíìlì mú gírígírí, ojú rẹ̀ funfun bí ti ọmọ tí kò jí ẹran jẹ. Ìlà ti kọjá ọfà. Mo ní epo ń pẹ́ nìyẹn. Mo yọ irin fẹ́lẹ́ kan. A tún kọrin. Ìlà ṣì kọjá. Mo yọ òmíràn. Nígbà tí a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìlà àti ọfà dojú kọra bí ọkọ àti ìyàwó níwájú pásítọ̀. Mo yin ara mi nínú.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í so ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àìsàn mọ́lẹ̀ kí a tó jí i. Wọ́n ní ọkọ̀ tí a bá jí lórí okùn á máa rò pé ẹrú ni òun. Ìyá mi tú okùn fúnra rẹ̀. Imú ọkọ̀ kọjú sí ọ̀nà tó jáde sí ọ̀sà. Àwọn ará àdúgbò ti dúró sórí àfárá pákó láti wò wá, ìyá mi sì ń juwọ́ sí wọn. Ẹ̀yìn wa, ní ìkángun àfárá kékeré kan, ni ilé ìyàgbẹ́ tuntun tí Bàbá Kékeré kọ́ sórí omi wà, tí ó fi páànù tó ń dán yí ká, tí ó sì máa ń sọ pé kò sí irú rẹ̀ títí dé Zion Pepe.

Màmá Ńlá ki hándù bọ ẹ́ńjìnnì, ó yí i. Nígbà tí mo jọ̀wọ́ irin kékeré tó ń tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ síta kí ó lè rọrùn láti yí, ẹ́ńjìnnì tàpá, ó ju hándù sórí pákó, ó dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni ń ronú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dára létí mi. Ó ń dún bí ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Mo wo òkè, mo rí i pé ibi tí ó yẹ kí ó ti máa mí sínú ni èéfín ń gbà jáde.

Màmá Ńlá ní, "Ó ń lọ."

Ìyá mi kò tíì dáwọ́ jíjuwọ́ dúró. Ó ní, "Ẹ̀yìn ló ń lọ."

Ẹ́ńjìnnì tí epo rẹ̀ bá yá jù lè tàpá padà, kí ó sì máa yí sí òdì. Mo mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mi ti sọ ọ́. Ohun tí kò sọ ni bí ọkọ̀ á ṣe rí nígbà náà. Ó ń fi ẹ̀yìn lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú iyì. Mo pa epo, ẹ́ńjìnnì kú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní bíréèkì. Ó rọra lọ gbé ìdí ti ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ Bàbá Kékeré, bí obìnrin tí ẹrù kún ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń fi ìbàdí pa ilẹ̀kùn dé.

Ohùn kan jáde láti inú rẹ̀ wá. "Ta nìyẹn?"

Màmá Ńlá tún táwẹ́ẹ̀lì orí rẹ̀ wé.

"Èèyàn wà níbí."

Ìyá mi ní, "Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ẹ ṣe sùúrù, a ń tì í kúrò."

"Ìyàwó wa, ṣé ọkọ̀ yín ló sé mi mọ́bí?"

"Òun ni."

A gbọ́ tí ó ń ti ilẹ̀kùn, tí ilẹ̀kùn kò sì gbọ́. "Ọkọ̀ tó ń fi ìdí rìn lẹ fẹ́ fi kó àwọn obìnrin lọ sí ọjà lọ́la?"

Àwọn tó wà lórí àfárá ti jókòó. Ẹnìkan ti lọ gbé àgbàdo sísè wá.

Bàbá Kékeré ń bá ọ̀rọ̀ lọ nínú lọ́hùn-ún. "Mo ti ń gbọ́ yín láti àárọ̀ tí mo ti ń tún àwọ̀n ṣe. Orin ìtukọ̀ lẹ ń kọ. Èyí ń dá a, èyí ń gbè é. Mo ní, ṣé àjẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi wà á ni, àbí ẹ́ńjìnnì?"

Mo ti di ọ̀pá mú láti ti ọkọ̀, mo sì dúró. Èyí ń gbè é. Mo ti gbọ́ ègbè náà, ṣùgbọ́n ẹnu pọ́ǹpù ni ọkàn mi wà. Mo wo Màmá Ńlá.

"Màmá Ńlá, nígbà tí mo dákẹ́, kí lẹ ṣe?"

"Mo dúró."

"Kí ẹ tó dúró ńkọ́?"

Ó ronú. "Mo gbè é. Omi gbé mi bọ̀."

"Ẹ sì ń yí i lọ?"

"Ṣé ẹnu lásán la fi ń gbe orin ni?"

Ẹni tó bá ti bá àwọn obìnrin wa tukọ̀ rí á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹni tó ń dá orin bá ń kọ ọ́, àjẹ̀ gbogbo wà lókè. Ìgbà tí ó bá dákẹ́ ni àwọn yòókù á gbè é, ìgbà náà gan-an ni àjẹ̀ á wọ omi, tí ọkọ̀ á sún. Ìdákẹ́ mi ni apá Màmá Ńlá ti ń retí láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé. Mo dákẹ́ kí ó lè dúró, apá rẹ̀ gbọ́ pé kí òun fà. Ìlà kò kọjá ọfà rárá níṣáájú. Màmá Ńlá ló fà á kọjá. Èmi wá ń yọ irin kúrò lábẹ́ pọ́ǹpù, mo ń mú kí epo tó ń dé lákòókò máa dé ṣáájú àkókò.

A ti ọkọ̀ kúrò. Bàbá Kékeré jáde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó kí gbogbo àwọn tó wà lórí àfárá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Lọ́la, kùtùkùtù, màá gbé ẹ́ńjìnnì mi wá." Ìyá mi kọ ẹ̀yìn sí i. Ó wọlé, ó gbé àtẹ tuntun kan jáde, ó fọ̀ ọ́, ó sì sá a sínú oòrùn níwájú mi.

A tún bẹ̀rẹ̀. N kò kọrin mọ́. Mo ní bí epo bá dúró, màá wúkọ́. Mo wúkọ́. Màmá Ńlá ní, "Pẹ̀lẹ́ o," ó fi fláíwíìlì sílẹ̀, ó lọ bu omi wá fún mi. Mo ní màá kan pákó. Mo kàn án. Ó ní, "Ta ni?" ó sì dìde lọ wo ẹnu ọ̀nà ilé. Mo bẹ ìyá mi kí ó wá bá mi yí i, ó ní òun ń di ẹja, àti pé kí n máa fi ohùn mi kọ́ iṣẹ́ tuntun.

Bí mo ṣe jókòó ti pọ́ǹpù, tí Màmá Ńlá ń fi fláíwíìlì ṣeré lọ́wọ́, àwọn obìnrin méjì kan tukọ̀ kékeré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Èkíní ní, "Ṣé o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Molutehin?" Mo rí ọwọ́ Màmá Ńlá. Ó dúró. Apá dúró, ọrùn dúró, mo rò pé èémí pàápàá dúró. Fláíwíìlì kò mì. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí ọkọ̀ náà fi yí kọ́nà, tí a kò sì gbọ́ ìyókù.

Ọgbọ́n dé bá mi. Mo ní, "Màmá Ńlá, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀."

Ó ń yí i. Epo ń sun. Bí epo ṣe dúró, mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan: "Mo rí Bàbá Kékeré pẹ̀lú obìnrin kan ní Igbókòdá."

Ẹ̀fọn ààwẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ. Mo lọ wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ dà bí òpó. Ìlà jìnnà sí ọfà. Epo ń yá jù gan-an. Mo dá irin fẹ́lẹ́ kan padà.

"Obìnrin wo?"

"Ẹ jẹ́ ká tún wò ó, Màmá Ńlá."

Ó yí i. Epo dúró. Mo ní, "Bàbá Kékeré ló bá a gbé báàgì rẹ̀."

Ó dúró ṣinṣin. Ó ní, "Báàgì. Ní gbangba ọjà. Obìnrin tó bá jẹ́ kí ọkọ ọlọ́kọ gbé báàgì òun, ojú ti kú lára rẹ̀. Ó sanra?"

"Ó sanra díẹ̀."

"Mo mọ̀. Àwọn yẹn ni."

Ó ku díẹ̀ kí ìlà dé ọfà. Mo dá irin kejì padà. A yí i lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí epo dúró, mo ní, "Ó tún fi agbòòrùn bò ó, kí òjò má ba à pa á."

Ìlà àti ọfà dojú kọra. Màmá Ńlá ní, "Agbòòrùn," ó mi orí. "Olúwa ṣàánú ìyàwó rẹ̀. Ta ni obìnrin náà?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jí ẹ́ńjìnnì."

Ìyá mi tún tú okùn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn. Ilé ìyàgbẹ́ ṣófo. Bàbá Kékeré dúró jìnnà sí i. Màmá Ńlá yí hándù. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, èéfín sì gba ibi tó yẹ kó gbà. Ọkọ̀ fi imú lọ síwájú. Ìyá mi kò juwọ́ sí ẹnikẹ́ni títí tí a fi yípo padà.

Ní kùtù ọjọ́ kejì, Bàbá Kékeré gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lé èjìká wá. Ó bá wa tí ọkọ̀ ti ń dún, tí àwọn obìnrin ti kó ẹrù sí i. Ó gbé ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ lórí pákó, ó sì bá wa wọ ọkọ̀, nítorí òun náà ń lọ sí ọjà. Màmá Ńlá wò ó láti òkè délẹ̀.

"Bàbá Kékeré, a ti gbọ́."

"Kí lẹ gbọ́?"

"A ti gbọ́ ni." Ó sì gbé ara rẹ̀ jókòó sí àárín Bàbá Kékeré àti gbogbo obìnrin tó wà nínú ọkọ̀.

Ní gbogbo ọ̀nà ni Màmá Ńlá ń yọ orí sí mi, tí ẹnu rẹ̀ ń sọ pé "Ta ni?" Mo máa ń nawọ́ sí ẹ́ńjìnnì, kí n nawọ́ sí etí mi, kí n mi orí. N kò tíì gbádùn ariwo yẹn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí a dé Igbókòdá, mo pa ẹ́ńjìnnì. Okùn kò tíì kan òpó tí Màmá Ńlá fi dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ta ni obìnrin náà?"

Gbogbo obìnrin inú ọkọ̀ na etí. Kò sí ibi tí mo lè sá sí.

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá Ńlá. Ọjọ́ tí òjò ká wa mọ́ èbúté níbí. Bàbá Kékeré ló bá yín gbé báàgì, ó sì fi agbòòrùn yín bò yín títí ẹ fi wọ ọkọ̀."

Ó wò mí. Mo rí i tí ó ń padà lọ sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti sọ nípa obìnrin yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan sísanra. Ó wá yí sí Bàbá Kékeré tó ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí èbúté.

"Agbòòrùn mi dà?"

Bàbá Kékeré wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀, ó wo èyí tó wà nínú ọkọ̀. "Ó wà nílé."

"Nílé ibo?"

"Ilé kékeré yẹn. Orí omi. Páànù rẹ̀ ń jò."

Ẹ̀rín àwọn obìnrin mi ọkọ̀ débi pé mo tún di ẹ́ńjìnnì mú. Ìyá mi gbé àtẹ tuntun rẹ̀, ó dúró lé mi lórí díẹ̀ níbi tí mo ti ń nu epo, ó sì bọ́ sílẹ̀ lọ sí ọjà láìpè mí.

Ọ̀gá mi ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wá, ó dúró sí ibi tí ilẹ̀ gbígbẹ parí sí, ó na ọrùn wo èéfín tó kù lókè.

Ó ní, "Táímìn yẹn pé. Ta ló bá ọ yí i?"

Mo nawọ́ sí Màmá Ńlá, tó ṣì di Bàbá Kékeré mú ní apá ẹ̀wù.

"Ṣé ó máa ń dúró tí o bá ní kó dúró?"

Mo ní, "Ó dá lórí ohun tí mo bá sọ, sà."